Dídí Ojú Sísán Ọ̀nà Ẹsẹ̀: Àríkọ́gbọ́n Lára Ilẹ̀ Àpáàdì Ilé-Ifẹ̀

Ìtàn àtẹnudẹ́nu fi yé wa pé Ọọ̀ni Lúwòó, tí ó jẹ́ obìnrin, ni ó pàṣẹ pé kí a fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Frank Willett walẹ̀ ní Ìta Yemòó ní 1957 sí 1958, ó rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóòró ni a to àpáàdì wọ̀nyí mọ́ra. Nítorí pé wẹ́wẹ́ ni wọ́n, ilẹ̀ lè sún díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú ọ̀nà là gbọọrọ.

Ti sìmẹ́ǹtì yàtọ̀. Odindi ni, ooru ń mú un fẹ̀, òtútù ń mú un sún kì, a sì sán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀: ojú sísán ni òjò ń gbà wọlé tí ó fi ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ. Nítorí náà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí a fa koríko ibẹ̀ tu, kí a gbá eruku rẹ̀, kí a sì da ọ̀dà gbígbóná sí i, nítorí pé ọ̀dà a máa fà.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ da ọ̀dà tàbí sìmẹ́ǹtì sórí ilẹ̀ àpáàdì. Ẹ̀rí ìtàn ni. Bí ó bá bàjẹ́, kò ní àrọ́pò. Ó yẹ kí olùkọ́ fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́.