Elizabeth Adékògbé àti ìjà ìbò àwọn obìnrin Ìbàdàn

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Elizabeth Adékògbé, wọ́n bí i lọ́dún 1919, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti ṣe iṣẹ́ tí ìtàn fi ń dárúkọ rẹ̀. Olùkọ́ ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ṣiṣẹ́ ọba lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ iye tí wọ́n ń ta ọjà.

Ọdún 1922 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin dé Nàìjíríà, l'Ékòó àti Kàlàbá. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó 100 pọ́n-ùn nìkan ló wà fún. Obìnrin Èkó dìbò sí ìgbìmọ̀ ìlú wọn lọ́dún 1950. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, níbi tí Ìbàdàn wà, rìsíìtì owó orí ni wọ́n fi ń mọ olùdìbò, títí kan ìbò ìjọba àpapọ̀ ọdún 1954. Òfin náà kò sọ pé kí obìnrin má dìbò, àmọ́ ó ti ọ̀pọ̀ wọn mọ́ta. Ìyá tó ru èlùbọ́ wá sọ́jà Ìbàdàn láti Lálúpọn tàbí Akànrán ń sanwó ọkọ̀, ó ń sanwó ilé ìwé ọmọ, síbẹ̀ tí rìsíìtì owó orí kò bá sí lórúkọ tirẹ̀, kò lè dìbò. Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

Ní December 1952, Adékògbé dá ẹgbẹ́ Women's Movement sílẹ̀ n'Íbàdàn. Wọ́n ní kí gbogbo àgbà máa dìbò, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí obìnrin wọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, kí ilé ìwé gíga àwọn ọmọbìnrin pọ̀ sí i, kí owó orí ìyàwó sì wálẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń pàṣẹ lórí ọjà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ yẹn kan ìyá ọlọ́jà gbọ̀ngbọ̀n.

L'Ábẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti náà kó ẹgbẹ́ obìnrin jákèjádò Nàìjíríà jọ lọ́dún 1953. Ẹgbẹ́ méjèèjì kò di ọ̀kan. Àdánù ńlá ni, torí ohun kan náà ni wọ́n ń bèèrè. Ẹgbẹ́ Adékògbé di Nigerian Council of Women lọ́dún 1954, ó sì wà lára àwọn tó para pọ̀ di National Council of Women's Societies lọ́dún 1959.

Ọdún 1959 yìí kan náà ni gbogbo àgbà dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn, láìsí pé a ń bèèrè rìsíìtì. Lọ́dún 1960, Wúràọlá Ẹ̀ṣan, ọmọ Ìbàdàn, wọ Ilé Aṣòfin Àgbà. Adékògbé kú lọ́dún 1968. Ọdún 1976 ni obìnrin Àríwá Nàìjíríà tó gba ẹ̀tọ́ ìdìbò tirẹ̀.