Alùpùpù Bàbá Àgbà: Títú Rẹ̀ àti Títò Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo ti kọ òwe yìí sínú àròkọ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó yé mi. Ọjọ́ tí mo fi agbára yí bóòtù kan títí tí orí rẹ̀ fi já mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo tó mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ tí ó kọ́ mi ní òwe yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín: bí a ti ń tú alùpùpù tí ó ti gbó, bí a ti ń tò ó padà, àti ohun tí èdè Yorùbá ń ṣe nínú iṣẹ́ náà.

Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní 14 Oṣù Kejì 2022 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò dáwọ́ dúró títí di 14 Oṣù Kẹ̀wá ọdún kan náà. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni a fi wà nílé. Ilé wa wà ní Kétu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Lẹ́yìn ilé náà, lábẹ́ tapólíìnì, ni Honda C70 kan wà tí bàbá bàbá mi rà ní 1975. Olùkọ́ ni wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Owó Údọ́jì, èyíinì ni àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́ nígbà náà, ni wọ́n fi rà á. Lẹ́yìn ikú wọn ni bàbá mi gbé e wá sí Èkó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ ohùn rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà, màmá mi pe àwọn tí ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù. Wọ́n fẹ́ fi ààyè tí irin náà gbà ṣe ibi ìsáṣọ. Wọ́n ti ń dúnàádúrà nígbà tí mo jáde. Ìyá àgbà, ìyàwó ẹni tí ó ra alùpùpù náà, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìdákẹ́ wọn ni kò jẹ́ kí èmi lè dákẹ́. Mo bẹ màmá mi pé kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí Oṣù Kẹjọ bá parí tí kò bá dún, èmi fúnra mi ni n óò pè wọ́n padà."

Bí Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Ti Ń Ṣiṣẹ́

Ní 1958 ni ilé iṣẹ́ Honda ní Japan kọ́kọ́ ṣe irú alùpùpù yìí, tí wọ́n sọ ní Super Cub. Nígbà tí ó fi di 2017, iye tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ ti pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ní 1979 ni Honda dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ṣùgbọ́n ti Bàbá àgbà ti wà nílẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi, 72 cc péré ni. Gíà mẹ́ta ni ó ní, kò sì ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ nìkan ni a fi ń yí gíà rẹ̀. Ẹni tí kò gun alùpùpù rí lè tètè mọ̀ ọ́n gùn.

Iṣẹ́ mẹ́rin ni písítìnì ń ṣe nínú rẹ̀. Èkíní, ó ń fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé. Èkejì, ó ń fún wọn pọ̀. Ẹ̀kẹta, iná plọ́ọ̀gì á ràn mọ́ wọn, agbára iná náà á sì ti písítìnì sísàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ó ń lé èéfín jáde. Fáàfù méjì ni ó dàbí ilẹ̀kùn fún iṣẹ́ yìí, ọ̀kan fún ìwọlé, ọ̀kan fún ìjáde. Kí iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó parí, kíránkì tí ó wà nísàlẹ̀ á yí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kámù tí ń ṣí fáàfù lókè á yí lẹ́ẹ̀kan péré. Ṣéènì kékeré kan nínú ẹ́ńjìnnì ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ṣéènì yìí sọ́kàn. Òun ni ó dójú tì mí níkẹyìn.

Títú

Mo fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì wẹ gbogbo ara rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, nítorí pé erùpẹ̀ tí ó bá bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì á máa ha á ni. Lẹ́yìn náà mo kó agolo mílíìkì méjìlá jọ, mo kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ohun tí mo bá kọ́kọ́ tú á bọ́ sínú agolo kìíní, èyí tí ó tẹ̀ lé e á bọ́ sínú ìkejì. Mo sì ń ya àwòrán ibi tí bóòtù kọ̀ọ̀kan ti wá sínú ìwé. Òfin iṣẹ́ náà kò ṣòro: ohun tí a kọ́kọ́ tú ni a óò tò kẹ́yìn.

Písítìnì ti gan. Bí mo ti ń tẹ kíìkì tó, kò lọ sísàlẹ̀. Mo yọ plọ́ọ̀gì, mo da dísù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí mo pò pọ̀ sí ojú ihò rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹfà, mo di mágínẹ́ẹ̀tì mú, mo rọra ń mì ín lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, títí tí ó fi yí. Bí mo bá ti fi agbára lù ú ni, bílọ́ọ̀kù ì bá ti bàjẹ́.

Inú táǹkì epo ti dípẹtà. Mo lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́ ní ọjà Mile 12, mo fún omi rẹ̀ sínú táǹkì náà pẹ̀lú omi lásán àti ẹ̀kúnwọ́ òkúta wẹ́wẹ́, mo ń mì ín láràárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kíkan ọsàn ni ó ń jẹ ìpẹtà kúrò lára irin. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán tí ó gbẹ, mo da ọ́ìlì díẹ̀ yí inú rẹ̀ ká kí ó má baà tún dípẹtà. Ní ti kàbúrétọ̀, epo tí ó ti gbẹ sínú rẹ̀ ti dì bí oje igi. Fọ́nrán wáyà iná kan ṣoṣo ni mo fi la ojú ihò rẹ̀. Irin líle á mú kí ihò náà fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ríra Ohun Tí Ó Kù

Òwódé Onírin kò jìnnà sí wa, ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòròdú. Orúkọ ọjà náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: irin ni wọ́n ń tà níbẹ̀. N kò rí ríǹgì tí ó jẹ́ ti Honda gan-an rà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alùpùpù tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà ni ó wo ẹ́ńjìnnì yìí ṣe tirẹ̀, nítorí náà ríǹgì wọn tí ó jẹ́ 47 mm bá písítìnì tèmi mu. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Mo ra gásíkẹ́ẹ̀tì, plọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàtì pẹ̀lú.

Títò

Nígbà tí a bá ń fi ríǹgì sára písítìnì, a kì í jẹ́ kí ẹnu wọn kọjú síbì kan náà, kí afẹ́fẹ́ má baà rí ọ̀nà já. Alàfo tí ó yẹ kí ó wà lórí fáàfù jẹ́ 0.05 mm, kò nípọn tó bébà ìwé ìròyìn. Tẹnu plọ́ọ̀gì jẹ́ 0.6 sí 0.7 mm. Gbogbo ìwọ̀nyí ni mo ṣe. Àwọn agolo ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ó fi ku agolo kìíní, inú mi sì ń dùn.

Mo ta kíìkì. Pàá! Ó dún láti ibi kàbúrétọ̀, ó sì dákẹ́. Bákan náà ni ó ń ṣe fún ọjọ́ mẹ́wàá. Oṣù Kẹjọ ń parí lọ. Màmá mi kò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ti ra okùn ìsáṣọ.

Ni mo bá lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tí ń tún alùpùpù ṣe ní Alápẹ̀rẹ̀. Wọn kò dìde níbi tí wọ́n jókòó sí.

Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ń húkọ́ ni, àbí ó ń sín?"

Mo ní, "Bàbá, kò yé mi."

"Bó bá ti ẹnu ibi èéfín dún, ikọ́ nìyẹn. Bó bá ti ẹnu kàbúrétọ̀ dún, ó ń sín ni."

"Ó ń sín, Bàbá."

"Ilẹ̀kùn ìwọlé ò tíì tì nígbà tí iná dé. Lọ wo ṣéènì inú rẹ, ọmọ mi. Eyín kan ti fò."

Wọn kò rí alùpùpù náà sójú. Mo padà sílé, mo ṣí i. Àmì T kan wà lára mágínẹ́ẹ̀tì, ó sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ìlà ara ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó bá wà níbẹ̀, àmì O tí ó wà lára kẹ̀kẹ́ eléyín ti kámù gbọ́dọ̀ kọjú sí ojú-àmì orí tọ́ọ̀pù. T tèmi wà ní àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n O fi eyín kan yẹ̀. Gbogbo nǹkan tí ó wà nínú agolo mi ni mo ya àwòrán rẹ̀. Èyí nìkan ni n kò yà, nítorí pé kò sí bóòtù níbẹ̀. Irin kò sọnù lọ́wọ́ mi. Ètò ni ó sọnù.

Ní ọjọ́ Sátidé, 27 Oṣù Kẹjọ, ó gbà ní kíìkì kẹta. Ìyá àgbà jáde láti yàrá, wọ́n ń wé gèlè bọ̀ lójú ọ̀nà. Màmá mi bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Bàbá kì í dúró de ẹni tí kò bá tíì wé gèlè tán.

Ohun Tí Ó Kù Fún Wa

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1 Oṣù Kẹsàn-án 2022, òfin ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tí ó de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti Oṣù Kẹfà tàn dé Kòsọ́fẹ́, Ṣómólú, Mushin àti Òṣòdì-Ìsọlọ̀. N kò gun alùpùpù náà ní Kétu rárá. Ọkọ̀ akẹ́rù ni ó gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Màmá mi sì ta okùn ìsáṣọ wọn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bi mí ní Alápẹ̀rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. A máa ń sọ nínú kíláàsì pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ. Ìkọ́, sísín àti gígan tí àwọn àgbà yìí ń lò, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, wọ́n sì péye tó láti wo àìsàn ẹ́ńjìnnì tí a kò fojú rí. Wọn kò sí nínú ìwé, ẹnu ni wọ́n wà. Bí alùpùpù bá ṣe ń kúrò ní ojú títì wa ni ọmọ iṣẹ́ tí yóò gbọ́ wọn ń dín kù. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, ilé mẹkáníìkì kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti gègé lọ bá wọn, kí ọ̀rọ̀ tó bá ọlọ́rọ̀ lọ.