Bàbá, ẹ má gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ọmọ yẹn

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ láti ìpàdé wa tó kọjá ní Sàbó. Bí a ti ń jáde ni bàbá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ní yunifásítì, ọdún kejì rẹ̀ nìyí. Bàbá ní owó ìwé àti pẹ́ńsùlù tó ń gbà ti pọ̀ jù.

"Àbúrò, bá mi bá a wí. Kọ̀ǹpútà tí mo yáwó rà fún un wà nílé, àpótí ìjókòó ìyá ẹlẹ́kọ ló ń yà kiri. Ṣé ohun tí mo rán an lọ kọ́ nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná."

Ilé tí mò ń gbé, láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti gba pláànù rẹ̀ wá. Ẹni tó yà á mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní lórí bébà. Àmọ́ kò fojú kan Sàríà rí. Fèrèsé pálọ̀ mẹ́ta, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, gbogbo wọn ló kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Tí ọyẹ́ bá ti dé, eruku la fi ń jẹun nílé mi. Mo ti lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, mo ti fi kọ́tìnnì méjì bò ó, pàbó ni.

Ọmọ iléèwé kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ mi ló là mí lójú. Àràárọ̀ ló ń jókòó síwájú ilé amọ̀ àwọn Hausa aládùúgbò wa, tòun ti ìwé kékeré lórí orúnkún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti tó. Lónìí ó ya ògiri, lọ́la ilẹ̀kùn, lọ́túnla bí òjìji ṣe bọ́ sí àgbàlá. Nígbà tó ṣí ìwé náà hàn mí, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó. Fèrèsé wọn kéré, ó sì ga sókè. Ẹ ò lè ti ìta wọlé tààrà, ẹ gbọ́dọ̀ gba zaure kọjá kí ẹ tó yà sí àgbàlá. Atẹ́gùn ò ráyè gbé eruku wọlé gbọọrọ." Ó ti ya tubali tí wọ́n fi mọ ògiri, ó ya igi azara tó gbé òrùlé dúró. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń lọ kí bàbá onílé yẹn. N kò rí ìkankan nínú rẹ̀.

Fóònù á ya ilé yẹn kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹni tó yà á á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ yà á gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé: báwo ni fèrèsé yìí ṣe tóbi sí ògiri? Kí ló gbé igi yẹn ró? Ibi tí kò bá ti yé e, ọwọ́ rẹ̀ á dúró.

Le Corbusier, ọmọ Switzerland tó di ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi kámẹ́rà yàwòrán nígbà èwe rẹ̀, ó sì pa á tì torí ó gbà pé ó ń sọ ojú di ọ̀lẹ. Láti 1914 sí 1964, ìwé àwòrán kéékèèké 73 ló kó jọ. Ẹ jẹ́ ká má tiẹ̀ lọ jìnnà. Demas Nwoko, ọmọ Idumuje-Ugboko, iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Sàríà níbí láti 1957 sí 1961, kí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tó di Ahmadu Bello University ní 1962. Kò gboyè ayàwòrán-ilé. Síbẹ̀, òun ló ya ilé ìjọsìn àwọn Dominican n'Ibàdàn. Ní 2023, ìpàtẹ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti Venice, ní Ítálì, fún un ní Golden Lion fún iṣẹ́ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Bàbá bi mí pé kí wá ni kọ̀ǹpútà wà fún. Mo ní ó wúlò gan-an: ìwọ̀n tó péye, àtúnṣe kíákíá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un ní àṣìṣe, àṣìṣe tó mọ́ tónítóní ló máa gbé jáde. Ẹ wá wo pálọ̀ mi. Nínú ìwé kékeré, tí èèyàn bá ṣì í yà, á ṣí ojú ewé tó kàn. Tí búlọ́ọ̀kù bá ti gòkè, owó ni.

Àpótí ìyá ẹlẹ́kọ tó ń bí bàbá nínú ńkọ́? Gíga rẹ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ibi tí apá ìyá náà ti máa dé ìkòkò láìdun ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ tó bá yà á ti kọ́ nǹkan nípa àga. Káfíńtà àti tẹ́lọ̀ wa náà lè ṣe é: ìwé tó wọ àpò, pẹ́ńsùlù kan, kí déètì wà lórí èyí tí a yà lójúmọ́, ká má sì ya èyí tí kò dáa dànù. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá ń dúró de ọjọ́ ìsinmi, ọwọ́ rẹ̀ á ti le.

Bàbá ò tíì gbà tán o. Ó ní òun á ra ìwé kan sí i, ẹyọ kan péré. Ní tèmi, ọmọ inú ilé mi ti ya ògiri kékeré tí a lè mọ síwájú fèrèsé pálọ̀, oríṣi mẹ́fà. Bíríkìlà ń bọ̀ wá wo ìkarùn-ún lọ́jọ́ Sátidé.