Ewé Sóyà Ń Dógùn-ún: Kí Ló Kàn Wá ní Agége?

Ẹnì kan lè ní, "Àwa tí ilé iṣẹ́ yí ká láti Ìkẹjà dé Agége, kí ló kàn wá nínú àrùn oko?" Ó kàn wá gan-an ni. Wàrà sóyà tá à ń rà lẹ́nu géètì, oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin fún wa, oko ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Bí oko bá ṣàìsàn, àpò wa ló máa kọ́kọ́ gbọ́.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fa púpọ̀ nínú àrùn sóyà. Ìbátan olú ni, irú ẹ̀ náà ló ń mú búrẹ́dì bu.

Èyí tó le jù ni ìpáàrà sóyà. Ọdún 1999 ni wọ́n rí i ní Nàìjíríà. Atẹ́gùn ló ń gbé e láti oko dé oko. Láti dá a mọ̀, ẹ wo ẹ̀yìn ewé ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí kókó wínníwínní bí páànù tó dógùn-ún, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun nù ún. Bí ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìpáàrà ni. Ewé á wọ́, á sì rẹ̀ dànù. Ẹlòmíì á rò pé sóyà ti gbó ni, àmọ́ kóró inú rẹ̀ ò tíì yó.

Èkejì ni ojú àkèré: àmì roboto lójú ewé, àárín rẹ̀ bí eérú, etí rẹ̀ pọ́n dúdú.

Ìtọ́jú wọn ò dọ́gba o. Ojú àkèré máa ń sá pamọ́ sínú irúgbìn àti pàǹtí oko. Nítorí náà, ẹ má tọ́jú irúgbìn láti oko tó ṣàìsàn, ẹ sì fi àgbàdo rọ́pò sóyà fún ọdún kan tàbí méjì. Ìpáàrà ní tiẹ̀, ewé tútù nìkan ló ń gbé. Ẹ hú sóyà tó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbin irú tó lè kojú rẹ̀, bíi TGx 1835-10E tí IITA n'Íbàdàn ṣe, tó jáde lọ́dún 2008. Oògùn fífọ́n ń dáàbò bo ewé tó kù ni, kì í jí èyí tó ti kú. Ìgbà tí òdòdó bá ń yọ ló dáa jù, kó sì dé ẹ̀yìn ewé. Ẹ bo imú yín!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sábúlé ní ìsinmi Ògọ́ọ̀sì, ìgbà tó yẹ ká yẹ ewé wò gan-an nìyẹn. Ẹ mú áńkáṣíìfù funfun dání.