Ṣóńṣó Yàtọ̀ sí Òpin: Àsọtẹ́lẹ̀ Nípa Epo Rọ̀bì

Ní ọdún 1956, M. King Hubbert, onímọ̀ nípa ilẹ̀, sọ pé iye epo rọ̀bì tí Amẹ́ríkà ń wa lọ́dọọdún yóò dé ṣóńṣó láàárín 1965 sí 1970. Àròpọ̀ epo tó ṣeé wa, bílíọ̀nù 150 sí 200 àgbá, ni ó gbé ìṣirò rẹ̀ lé. Láwọn ọdún 1960, àjọ ìjọba ní bílíọ̀nù 590 ni. Ní 1970, ọ̀rọ̀ Hubbert ṣẹ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n fífọ́ àpáta dé. Iye ti 2018 sì ju ti 1970 lọ.

Olùtumọ̀ tó bá pe ṣóńṣó ní 'òpin' ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ọdún tí epo wíwa pọ̀ jù ni ṣóńṣó. Lẹ́yìn tó bá kọjá ni ó ń hàn. Ẹni tó mọ èyí ni yóò lè bi aláṣẹ léèrè pé: àròpọ̀ wo lẹ gbé e lé?