A-ru-oyin tàbí a-ṣe-oyin?

Tí ìyá àgbà bá ki ọmọ kan ní Àjàní Òpó, nǹkan méjì ló pè mọ́ra. Àjàní ni oríkì ọmọ, Òpó ni orílẹ̀ tó ti ṣẹ̀ wá.

Báyìí náà ni Carl Linnaeus, ọ̀mọ̀wé ará Swídìn, ṣe sọ àwọn ẹranko lórúkọ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1758, àfi pé lọ́dọ̀ tirẹ̀, orílẹ̀ ló ń ṣíwájú. Ó pe oyin ní Apis mellifera. Apis ni orílẹ̀, mellifera ni orúkọ tirẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni a-ru-oyin.

Bẹ́ẹ̀ oyin kì í ru oyin wálé. Ẹ wò ó lórí òdòdó: omi dídùn lásán ló ń fà mu, tó ń gbé sínú àpò kan ní ikùn rẹ̀. Tó bá délé, á tú u sẹ́nu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á gbé e fún òmíràn. Wọ́n á tẹ́ ẹ sínú ihò afárá, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, tí á wá ki. Ìgbà náà ni wọ́n á fi ìda dí i lójú. Inú ilé ni oyin ti ń di oyin.

Linnaeus fúnra rẹ̀ rí i. Ní 1761 ó pè é ní Apis mellifica, a-ṣe-oyin. Ó bá iṣẹ́ mu, àwọn kan sì lò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ni pé orúkọ tó kọ́kọ́ wọ̀wé ló ń dúró. Wọ́n lè gbé ẹranko kúrò nínú orílẹ̀ kan: kòkòrò dúdú ńlá tó ń gbẹ́ ihò sínú igi, Apis ni Linnaeus kó irú rẹ̀ sí, kí ọ̀mọ̀wé mìíràn, Latreille, tó dá orílẹ̀ Xylocopa, agégi, sílẹ̀ fún wọn ní 1802. Àmọ́ wọn kì í pa orúkọ rẹ́ torí pé kò bá iṣẹ́ mu.

Mo fara mọ́ òfin yìí. Bàbá tó sọ ọmọ ní Dúrósinmí ń bẹ̀ ẹ́ kó má kú ni. Ọmọ dúró, ó sin bàbá, òun náà darúgbó, Dúrósinmí náà la ṣì ń pè é. Tí a bá pa á dà, ta ni yóò mọ ẹni tí à ń wí?

Oyin ilẹ̀ tiwa ní orúkọ kẹta, adansonii, tí Latreille fún un ní 1804 nítorí Michel Adanson, ará Faransé tó dé Sẹ̀nẹ̀gàl ní 1749. Lẹ́nu tiwa, kòkòrò náà ni oyin, ohun tí à ń lá náà ni oyin. A kò sọ pé ó rù ú, a kò sì sọ pé ó ṣe é.