Ta Ni "Wọ́n" Tó Ń Mú Iná Lọ? Ohun Tó Yẹ Ká Béèrè Kí A Tó Gba Ilé



Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ ní yunifásítì lọ́jọ́sí, tó ti pẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, pè mí lóṣù tó kọjá. Ó fẹ́ gba ilé fún ìyá rẹ̀ lágbègbè wa níbí, bóyá ní Ìlobùú, bóyá ní Ifọ́n-Ọ̀ṣun. Màmá ní àtọ̀gbẹ, abẹ́rẹ́ ínsúlínì tí wọ́n ń gún gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì. Ó wá bi mí pé: "Prọ́f, iléeṣẹ́ wo ló ń ta iná òru ní owó pọ́ọ́kú níbẹ̀, kí n lè tètè bá wọn ṣàdéhùn kí Màmá tó kó dé?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, ìlú tó ń béèrè nípa rẹ̀ ni kò bá a mu. Mo ní kí n kọ ìdáhùn rẹ̀ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló nílò rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, wàhálà ilẹ̀ tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ifọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé wọn, títí ìjọba fi kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹni tó ń wá ilé pẹ̀lú ìkánjú kì í ráyè béèrè ọ̀rọ̀ iná. Ìgbà tó bá ti san owó ilé tán ló máa ń rántí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ọmọ mi yìí ti ń sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni onílé kọ̀ọ̀kan ti lè yan iléeṣẹ́ tí yóò ta iná fún un. Wáyà ẹnu ọ̀nà kì í yí padà, ẹni tó ń fi bíìlì ránṣẹ́ ló ń yí padà. Ètò kan sì wà níbẹ̀ láti 1978 tí wọ́n ń pè ní Economy 7: fún wákàtí méje lóru, iná á dínwó. Ìdí rẹ̀ ni pé lóru, àwọn èèyàn ti sùn, iṣẹ́ ti dúró, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ńlá tó ń pèsè iná kò ṣeé pa kí a tún tàn wọ́n bíi fìtílà. Iná á wá pọ̀ ju ẹni tí yóò lò ó lọ. Ṣé ẹ mọ bí ìyá eléso ṣe ń fi ènì kún ènì nígbà tí ọjà bá fẹ́ tú? Bó ṣe rí náà nìyẹn.

Níbí ńkọ́? Kò sí èyí tí èèyàn ń yàn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba ti pín iṣẹ́ PHCN fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, IBEDC tó fìdí kalẹ̀ sí Ìbàdàn ló ń pín iná fún ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlobùú ni o, Ifọ́n ni o, ọ̀kan náà ni. Iná òru olówó pọ́ọ́kú kò sí pẹ̀lú, torí iná tó wà gan-an kò tó wa pín. Ta ló fẹ́ fi ènì sí ohun tí kò kárí?

Ohun tó ń mú owó iná yàtọ̀ níbí kì í ṣe aago. Ìpele ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Band. Ọdún 2020 ni ètò yìí bẹ̀rẹ̀. Band A yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, B fún mẹ́rìndínlógún, C fún méjìlá, D fún mẹ́jọ, E fún mẹ́rin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, gbé owó Band A sókè sí ₦225 fún yúníìtì kan. Kí ó tó di oṣù yẹn, kò tó ₦70. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí ₦206.80. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù oní 1,500 wátì lọ aṣọ fún wákàtí kan: yúníìtì kan àbọ̀ nìyẹn, ó tó ₦310 ní iye oṣù Karùn-ún yẹn. Bẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ láago méjì òru, bẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ lọ́sàn-án gangan, iye kan náà ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Band kì í ṣe ti ìlú, kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń gbénú ilé. Okùn iná ńlá tí a ń pè ní fídà, èyí tó ń gbé iná wá fún tiransifọ́mà àdúgbò, ló ni ín. Ilé méjì lè kọjú síra wọn lójú títì kan ṣoṣo, kí wọ́n má sí lórí fídà kan náà. Ohun tí ọmọ mi fi ń yan iléeṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé la fi ń yàn án níbí. Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Èmi ní, okùn iná là á wò kí a tó san owó ilé.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní gírámà, ẹ ó rántí iṣẹ́ tí "wọ́n" ń ṣe nínú èdè wa. Nígbà tí a kò bá mọ olùṣe, tàbí tí a kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀, "wọ́n" la máa ń lò: wọ́n jí i, wọ́n lé e, wọ́n mú iná lọ. ECN di NEPA ní 1972, NEPA di PHCN ní 2005, PHCN náà ti kógbá wọlé, síbẹ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣì ń pariwo "Up NEPA!" nígbà tí iná bá dé. Orúkọ ń yí, "wọ́n" ò yí. A kò sì lè mú ẹjọ́ "wọ́n" lọ síbì kankan. Ìgbà tí èèyàn ń gba ilé ni àǹfààní tó dára jù láti fún "wọ́n" lórúkọ. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni.

Àkọ́kọ́, fídà wo ni ilé yìí wà lórí rẹ̀, Band wo sì ni? Ẹ gba nọ́ńbà mítà tàbí bíìlì àtijọ́ lọ́wọ́ onílé, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì tó sún mọ́ ibẹ̀ jù.

Èkejì, wákàtí mélòó ni iná fi ń wà ní ti gidi? Onílé fẹ́ gba owó, ẹ má bi í. Ẹ bi télọ̀, ẹni tó ń lọ ata, ẹni tó ń ta omi tútù. Ẹ tún lọ síbẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́ kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ẹ̀kẹta, mítà ti ta ni, ẹni mélòó ló sì ń lò ó? Mítà kan fún yàrá mẹ́fà, ìjà ló ń bí. Ilé tí kò bá ní mítà, bíìlì àfojúdá ni yóò máa gbà. Bí ẹ bá rí wáyà tó gba ẹ̀yìn mítà kọjá, ẹ sá o, torí ẹni tí wọ́n bá bá nínú ilé ni wọn yóò mú.

Ẹ̀kẹrin, ṣé gbèsè wà lọ́rùn mítà náà? Ẹ ra yúníìtì ẹgbẹ̀rún náírà kan sórí rẹ̀ kí ẹ tó san owó ilé, kí ẹ sì ka rìsíìtì dáadáa. Bí gbèsè àtijọ́ bá wà, ẹ ó rí i pé wọ́n yọ nínú owó yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó wọlé, ẹ ya fọ́tò mítà náà.

Ẹni tó bá ní ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ ti kúrò ní "wọ́n mú iná lọ". Ó lè kọ̀wé pé: fídà báyìí, tó wà ní Band A, kò rí ogún wákàtí láti ọjọ́ báyìí. Òfin NERC ti ọdún 2024 sọ pé bí fídà Band A kò bá rí wákàtí tó yẹ fún ọjọ́ méjì léra, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà. Bó bá di ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já a wálẹ̀ sí ìpele tó bá ohun tó ń rí mu. Ẹni tí kò mọ orúkọ fídà rẹ̀ kò lè di òfin yìí mú.

Iná òru ní àǹfààní tirẹ̀ níbí náà o. Nírọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lò ó, iná máa ń rẹlẹ̀, fíríìjì á máa kùn láì tutù. Tó bá ti di ọ̀gànjọ́, kọ́ọ̀ǹtì á gbéra. Ìgbà yẹn ló dáa láti fa omi kànga, kí fíríìjì náà sì dì dáadáa. Ẹni tó bá ní sólà, ọ̀sán gangan ni tirẹ̀: kó ṣe iṣẹ́ tó wúwo nígbà tí oòrùn bá mú, kó fi iná bátìrì pamọ́ fún alẹ́.

Ṣé a lè máa yan iléeṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú? Òfin iná mọ̀nàmọ́ná tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣàkóso ọjà iná wọn fúnra wọn. Èkìtì àti Oǹdó ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sọ Ìlobùú di Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Prọ́f, ilé tí mo ti fẹ́ san owó rẹ̀, táìsì rẹ̀ nìkan ni mo béèrè." Mo ní kó fi owó náà mọ́wọ́ ná, kó rán àbúrò rẹ̀ lọ síbẹ̀ lálẹ́, kó sì ya owó sólà kékeré kan tó lè gbé fíríìjì sọ́tọ̀, ìpele yòówù kí ilé náà wà. Ínsúlínì kò mọ Band. Ó kàn fẹ́ ibi tútù ni.